Kí Ni Ó Ń Pa Fíláàṣì? Ìtàn Iná Ayàwòrán àti Ọ̀nà Àtirí Páàtì Rẹ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà lẹ́yìn odi, yálà ní London, ní Houston tàbí ní Toronto, àpótí kan sábà máa ń wà lókè àjà tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí a kó kámẹ́rà àtijọ́ sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà náà ni ẹ ó ti rí fíláàṣì rẹ̀. Òun ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú ọkọ àti ìyàwó nínú gbọ̀ngàn lálẹ́. Òun ni ó jẹ́ kí a rí ojú ìyá àgbà kedere níbi ìsọmọlórúkọ tí a ṣe nínú yàrá tí oòrùn kò dé. Bí ẹ bá ki bátìrì bọ inú rẹ̀ lónìí, ó ṣeé ṣe kí ó má dáhùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a wí pé ó ti kú, wọn a sì gbé e dà sí ààtàn.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ni pé ìdíbàjẹ́ kọ́ ni ó sábà ń pa fíláàṣì. Ohun tí ó ń pa á ni àìrí páàtì kékeré kan, èyí tí ó lè má ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn bí iná ayàwòrán ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀wù láti ìgbà dé ìgbà yóò mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti wá páàtì náà. Yóò sì mọ ohun tí kò yẹ kí ó fọwọ́ kàn rárá.

ÌGBÀ Ẹ̀TÙ

Ní àtètèkọ́ṣe, oòrùn nìkan ni fìtílà ayàwòrán. Bí oòrùn bá ti wọ̀, iṣẹ́ ti parí. Ní ọdún 1864 ni ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Alfred Brothers, ní ìlú Manchester, fi iná wáyà magnesium ya ènìyàn. Magnesium jẹ́ irin fúnfun kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń mú ojú ṣókùnkùn bí ó bá ń jó. Ní ọdún 1887, àwọn ará Jámánì méjì, Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke, lọ irin náà kúnná, wọ́n sì pò ó mọ́ àwọn kẹ́míkà mìíràn títí tí ó fi di ẹ̀tù tí ń gbiná lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ lo ẹ̀tù yìí ni Jacob Riis, akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Denmark tí ó fi New York ṣe ilé. Òun ni ó wọ inú àwọn ilé tí àwọn aláìní ń gbé lóru, tí ó ya àwòrán wọn, tí ó sì tẹ ìwé How the Other Half Lives jáde ní ọdún 1890. Àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú náà kò lè wí mọ́ pé àwọn kò mọ bí ìyà ṣe ń jẹ àwọn aládùúgbò wọn, nítorí pé iná ayàwòrán ti tú àṣírí òkùnkùn. Ṣùgbọ́n Riis fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ẹ̀tù náà ti mú kí òun dá iná sí ilé lẹ́ẹ̀mejì, tí iná sì ran òun náà lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ kíyè sí i pé ní ìgbà ẹ̀tù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí páàtì tí ẹnikẹ́ni ní láti wá. Àwo irin kan àti ọwọ́ tí a fi gbé e sókè ni ohun gbogbo. Bí ó bá tẹ̀, alágbẹ̀dẹ àdúgbò lè tún un ṣe. Ó rọrùn láti tún ṣe, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ pọ̀. Bí irú àwo bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé, ẹ má ṣe dán ẹ̀tù rẹ̀ wò láé.

ÌGBÀ GÍLÓÒBÙ

Ní ọdún 1929, àwọn ará Jámánì tún gbé ọgbọ́n mìíràn dé. Wọ́n kó bébà irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú gílóòbù gíláàsì, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kún un. Bí iná bátìrì bá ti kàn án, irin náà a jó tán nínú gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ a sì bọ́ sóde láìsí èéfín. Ní ọdún 1930, ọgbọ́n yìí ti dé Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà. Iná kò tún ran aṣọ ayàwòrán mọ́.

Ṣùgbọ́n ìṣòro tuntun ti dé. Gílóòbù kan, àwòrán kan. Bí ó bá ti kọ mànà lẹ́ẹ̀kan, ó ti di ohun àdànù. Nígbà tí ó di ọdún 1965, Kodak àti Sylvania gbé ìgò kékeré onígun mẹ́rin jáde tí gílóòbù mẹ́rin wà nínú rẹ̀, tí ó ń yí po lórí kámẹ́rà. Àwọn òbí wa tí ó wá kàwé ní òkè òkun ní ìgbà náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Síbẹ̀, lẹ́yìn mẹ́rin, ẹ ó tún ra òmíràn. Láti ìgbà yìí ni ayàwòrán ti di ẹni tí ń gbójú lé ilé iṣẹ́ ńlá kí ó tó lè tan iná. Bí ilé iṣẹ́ náà bá dáwọ́ dúró, kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè gbà á sílẹ̀. Gílóòbù tí ó ṣẹ́kù sínú páálí àtijọ́ nìkan ni a lè rà.

Ti bátìrì kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíláàṣì onígílóòbù ti àwọn ọdún 1950 ń lo bátìrì fóòlítì 22.5, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ní ọjà. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò máa ń to bátìrì wẹ́wẹ́ méjì oní fóòlítì 12, irú èyí tí ó wà nínú ohun ìṣílẹ̀kùn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tẹ̀léra wọn kí ó lè di 24. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Ìtàn kan wà tí ó fi hàn pé kì í ṣe ayàwòrán nìkan ni ó ń wá páàtì fíláàṣì. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ayàwòrán ìwé ìròyìn máa ń lo fíláàṣì Graflex, tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ irin dídán gígùn tí bátìrì mẹ́ta ń wọ inú rẹ̀. Graflex kógbá sílé ní ọdún 1973. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Roger Christian, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe ọ̀ṣọ́ fún fíìmù Star Wars, rí ọwọ́ fíláàṣì náà nínú ilé ìtajà kámẹ́rà kan ní London. Ó lẹ ohun díẹ̀ mọ́ ọn, ó sì sọ ọ́ di idà ìmọ́lẹ̀ Luke Skywalker. Fíìmù náà jáde ní ọdún 1977, gbogbo ayé sì wò ó. Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ fíìmù ti ń ra ọwọ́ Graflex láti fi ṣe idà tiwọn, tí owó rẹ̀ sì ń gòkè, tí iye rẹ̀ sì ń dín kù lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ fi í yàwòrán. Bí ẹ bá ní ọ̀kan nílé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó táṣẹ́rẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín.

BÍ Ó TI RÍ NÍ ÁFÍRÍKÀ

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ ti jìnnà, kò pẹ́ tí àwọn ayàwòrán fi mọ̀ pé ẹni tí kò bá lè tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe kò lè pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ gbọ́ ti J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn láti ọdún 1954, tí àwòrán irun dídì rẹ̀ sì mú kí orúkọ rẹ̀ kárí ayé. Kámẹ́rà tí ó kọ́kọ́ rà ní ọdún 1950 jẹ́ Brownie D, kò sì ní fíláàṣì. Ẹ fi èyí wé ti Malick Sidibé ní Bamako, olú ìlú Mali. Brownie Flash ni ó ní ní ọdún 1956, nítorí náà òru kò dí i lọ́wọ́. Ó ń lọ láti òde àríyá kan sí òmíràn, ó sì ń ya àwọn ọ̀dọ́ tí ń jó ní àkókò tí Mali gba òmìnira ní 1960. Àwọn àwòrán wọ̀nyí ni ó gba ẹ̀bùn Hasselblad fún un ní ọdún 2003.

Sidibé yìí kan náà ni gbogbo ìlú mọ̀ sí ẹni tí ń tún kámẹ́rà ṣe. Inú ilé ìyàwòrán rẹ̀ ní Bagadadji kún fún kámẹ́rà àtijọ́ lórí pẹpẹ. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ìdọ̀tí ni wọ́n. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò mọ̀ pé ilé ìṣúra ni pẹpẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé nínú òkú ẹ̀rọ ni a ti ń rí ohun tí yóò mú ti aláàyè dìde. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo kò ní ṣàì rántí ìsọ̀ àwọn tí ń tún rédíò ṣe, bí wọ́n ṣe máa ń to òkú rédíò jọ dé àjà. Wọn kì í tà á, wọn kì í sì í sọ ọ́ nù. Ọgbọ́n kan náà ni.

MÀNÀMÁNÁ INÚ GÍLÁÀSÌ

Ní ọdún 1931, ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, Harold Edgerton ti ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná inú túùbù gíláàsì yàwòrán. Nínú ọgbọ́n yìí ni fíláàṣì tí ó wà nínú àpótí yín ti ṣẹ̀ wá. Túùbù rẹ̀ kò jó dànù. Ó lè kọ mànà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ ronú sí ìkòkò omi tí a gbé sábẹ́ òjò tí ń kán díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bá kún, a ó gbé e, a ó sì da omi náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bátìrì ni òjò náà, agbára rẹ̀ kò sì ju fóòlítì 6 lọ. Tránsífọ́mà kékeré kan ni ó ń gbé agbára náà ga. Òun ni ẹ ń gbọ́ tí ó ń fọn bí ẹ bá tan fíláàṣì. Kapásítọ̀ ni ìkòkò, ó sì ń gbà á pamọ́ títí yóò fi lé ní fóòlítì 300. Nígbà tí ẹ bá tẹ kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ a tú sínú túùbù tí afẹ́fẹ́ xenon wà nínú rẹ̀, mànàmáná a sì kọ.

Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1970, a ti fi ojú kékeré kan kún un tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó padà wá, tí ó sì ń pa fíláàṣì nígbà tí ó bá tó. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ìgbà náà ni Vivitar 283, tí a kọ́kọ́ ń ṣe ní Japan. Ayàwòrán òde àríyá tí kò mọ̀ ọ́n kò wọ́pọ̀. Ilé bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ jáde, ojú tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ ṣeé fà yọ, okùn rẹ̀ náà sì ṣeé yọ. Ohun tí ó mú kí ó pẹ́ láyé nìyẹn. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, a ó yọ ọ́, a ó sì fi ti òmíràn sí i. Nítorí pé ó tà púpọ̀, òkú rẹ̀ pọ̀. Nítorí pé òkú rẹ̀ pọ̀, páàtì rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbàkígbà tí ẹ bá ń ra ẹ̀rọ: èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rà ni ó rọrùn láti tún ṣe lẹ́yìn ogún ọdún.

IBI TÍ A TI Ń RÍ PÁÀTÌ

Kí ẹ tó wá páàtì kankan, ẹ kọ́kọ́ wo ilé bátìrì. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àìsàn fíláàṣì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bátìrì tí a gbàgbé sínú rẹ̀ a máa sun omi, omi náà a sì di ìpẹ́ funfun tàbí aláwọ̀ ewé lára irin. Ẹ fi òwú tí a ti rì bọ ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún, ẹ fi ìwọ̀nba sípíríìtì nù ún mọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Púpọ̀ nínú àwọn tí a ti kà sí òkú ni ó jẹ́ pé ìwẹ̀ ni wọ́n nílò.

Bí ìwẹ̀ kò bá tó, ọ̀nà mẹ́rin ni páàtì ń gbà wá. Èkínní ni ìbejì rẹ̀ tí ó ti kú. Ẹ wá irú rẹ̀ kan náà ní ilé ìtajà àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, ní ọjà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pa sẹ́yìn ọkọ̀ wọn ní òpin ọ̀sẹ̀, tàbí ní ọjà iwájú ilé ti Amẹ́ríkà. Ẹ má ṣe ṣíjú kúrò lára èyí tí wọ́n kọ "kò ṣiṣẹ́" sí, nítorí pé owó pọ́ọ́kú ni wọn yóò pè é, ìdérí bátìrì àti gíláàsì iwájú rẹ̀ sì lè wà láìfọ́.

Èkejì ni àwọn tí ń ta páàtì ẹ̀lẹ́tíróníìkì. Wáyà, résísítọ̀ àti kapásítọ̀ kò mọ orúkọ ilé iṣẹ́. Ti Alábà ní Èkó kò yàtọ̀ sí ti London. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ra kapásítọ̀ ńlá, ẹ rí i pé fóòlítì tí a kọ sára tuntun kò kéré sí ti àtijọ́, pé ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu, àti pé irú èyí tí a ṣe fún fíláàṣì ni. Kapásítọ̀ lásán kò lè fara da kí a máa tú u dànù lẹ́ẹ̀kan náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kámẹ́rà àlòsọnù tí ó ní fíláàṣì. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí túùbù xenon àti tránsífọ́mà wẹ́wẹ́ tí ó lè wúlò fún fíláàṣì kékeré. Ẹ̀kẹrin ni okùn tí ó so fíláàṣì mọ́ kámẹ́rà. Ẹnu róbótó tí ẹ ń rí lára kámẹ́rà àtijọ́ ni a ń pè ní PC, kò sì ní ohun kan ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Láti ara Prontor àti Compur, orúkọ oríṣi ìlẹ̀kùn kámẹ́rà méjì ti Jámánì, ni a ti fa lẹ́tà méjèèjì yọ. Nítorí pé gbogbo ilé iṣẹ́ gba ẹnu kan náà, okùn tuntun ṣì ń wọ kámẹ́rà tí ó ti pé àádọ́ta ọdún.

ÌKÌLỌ̀ PÀTÀKÌ

Ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí. Fóòlítì 300 tí a mẹ́nu bà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí ẹ tilẹ̀ ti yọ bátìrì, iná lè dúró nínú kapásítọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì lè gbé ènìyàn ṣubú tàbí kí ó pa á. Àní bí ẹ bá tẹ fíláàṣì kí ó kọ mànà tán, ó ṣì ń ku díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi irin so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Résísítọ̀ alágbára, tí a fi nǹkan tí iná kò lè gbà kọjá dì mú, ni a fi ń fa iná náà jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fi mítà wò ó bóyá ó ti tán. Ẹni tí kò ní mítà, tàbí tí kò mọ̀ ọ́n kà, kò gbọdọ̀ tú fíláàṣì. Kí ọmọdé má ṣe bá kámẹ́rà àlòsọnù tí a ti tú ṣeré.

Bí fíláàṣì bá ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ má ṣe jí i pẹ̀lú ipá. Kapásítọ̀ a máa gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kí ẹ sì jẹ́ kí iná kékeré tí ó ń sọ pé ó ti ṣe tán tàn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ sì tún un ṣe nígbà mélòó kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ara rẹ̀ bá ń gbóná, ẹ dáwọ́ dúró.

Ewu kejì ni ti kámẹ́rà ìgbàlódé tí kò lo fíìmù. Àwọn fíláàṣì àtijọ́ kan, títí kan Vivitar 283 ti ìṣáájú, máa ń dá iná tí ó lé ní fóòlítì 200 padà sí ibi tí a fi wọ́n sí lórí kámẹ́rà. Kámẹ́rà àtijọ́ kò ka èyí sí, ṣùgbọ́n àwọn tuntun kan wà tí kò fẹ́ ju fóòlítì 6 lọ. Ẹ wọn fóòlítì náà kí ẹ tó gbé ti bàbá lé orí ti ọmọ.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA LÁTI ṢE

Graflex ti lọ. Vivitar fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ní ọdún 2008, orúkọ nìkan ni wọ́n sì rà jù lọ. Ní oṣù keje ọdún 2021, Bìrìtéènì ṣe òfin pé àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ máa pèsè páàtì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kámẹ́rà àti fíláàṣì kò sí nínú òfin náà. Èyí túmọ̀ sí pé ọwọ́ wa ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ó dùn mọ́ni pé Repair Café, ìpàdé àwọn tí ń tún nǹkan ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amsterdam ní ọdún 2009, ti dé ọ̀pọ̀ ìlú tí a ń gbé. Ẹ gbé fíláàṣì yín lọ síbẹ̀, kí ẹ sì mú ọmọ yín dání. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Nítorí náà, kí ẹ tó ju èyí tí kò dáhùn mọ́ nù, ẹ yọ bátìrì rẹ̀, ẹ fi bébà kékeré kọ àìsàn rẹ̀ mọ́ ọn lára, kí ẹ sì gbé e pamọ́ sí ibi gbígbẹ tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ó lè jẹ́ pé ìdérí bátìrì rẹ̀ ni ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ wa ń wá kiri, kí fíláàṣì tirẹ̀ tún lè kọ mànà níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.